Orúkọ Tọ̀yìbátù Nínú Kọ̀ǹpútà Lùkúmàn

Aláṣọ ni Lùkúmàn, ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́. Àdúgbò Poudrière ló ń gbé, níbí ní Niamey, ní Niger. Kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀. Òun ló fọwọ́ ara rẹ̀ ṣe ètò kan sórí kọ̀ǹpútà tó kó orúkọ gbogbo àwa Yorùbá ibí jọ: ilé tí kálukú ti wá, àdúgbò tó ń gbé, nọ́ńbà fóònù èèyàn rẹ̀. Kó má di pé ẹnìkan kú, kí ará ilé rẹ̀ má gbọ́.

Ó wúlò. Kò fẹ́ íńtánẹ́ẹ̀tì. Bí iná lọ, bátìrì gbé e. O bi í pé àwọn ará Ọ̀yọ́ wo ló wà ní àdúgbò Bobiel, kí o tó ṣẹ́jú, ó ti kó wọn jáde.

Mo ní, "Ẹ̀rọ rẹ yìí mọ̀ mí ju ìyàwó mi lọ."

Ó ní, "Bàbá, òun kì í bá yín jà ni."

Ibi tó kù díẹ̀ káàtó sí ni lẹ́tà. Ohun tí o bá tẹ̀ gan-an ló ń wá. Orúkọ tí Lùkúmàn gbọ́ lẹ́nu, ó kọ ọ́ bí a ṣe ń kọ ọ́ nílé, tàmì-tàmì. Èyí tó wò lára káàdì ìdánimọ̀, ó kọ ọ́ bí wọ́n ṣe fi Faransé kọ ọ́ síbẹ̀. Kò sẹ́ni tó rò ó.

Tọ̀yìbátù, ọ̀kan nínú wa, kú ní Bobiel láàárọ̀ Jímọ̀ kan. Òun nìkan ló ń gbé. A mọ̀ pé ó bí ọmọbìnrin kan, a ò mọ ibi tó wà. Fóònù olóògbé wà ní títì, a ò lè ṣí i. A sáré bá Lùkúmàn. Ó tẹ Tọ̀yìbátù. Kò sí. Ó tún un tẹ̀. Kò sí.

Mo ní, "Wò ó dáadáa."

"Bàbá, tó bá wà níbẹ̀, á jáde."

Ooru mú. Lémọ́mù ní a ò lè fi òkú sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Ànísátù aládùúgbò rẹ̀ ló wẹ̀ ẹ́. A kírun sí i lára lẹ́yìn ìrun Jímọ̀, a sin ín.

Lùkúmàn ò jẹun. Ó jókòó, ó ń ka orúkọ lọ́kọ̀ọ̀kan. Ó rí i, bí wọ́n ṣe kọ ọ́ sára káàdì: Toyibatou. Nọ́ńbà Zuhrah ọmọ rẹ̀ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ìlú Dosso ló wà. Kò jìnnà. Ká ní a pè é láàárọ̀ ni, ì bá ti bá ìyá rẹ̀ nílẹ̀.

Ó pè é. Zuhrah dé nírọ̀lẹ́. Kò sunkún.

"Ta ló wẹ mọ̀mí mi?"

A sọ fún un.

"Wọ́n ti sọ fún mi tẹ́lẹ̀ pé tí àwọn bá kú, èmi ni kí n wẹ àwọn."

Lùkúmàn yí kọ̀ǹpútà sọ́dọ̀ rẹ̀. Zuhrah wò ó.

"Nọ́ńbà mi rèé. Ó wà níbẹ̀ láàárọ̀?"

"Ó wà níbẹ̀."

Zuhrah jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀.