Alùpùpù Ìyá Agbẹ̀bí

Ẹ̀ẹ̀mẹta ni Fara-balẹ̀ tú kabúrétọ̀ alùpùpù kan, ibi tí afẹ́fẹ́ ti ń pò mọ́ epo, láàárín ọjọ́ méjì, ẹ̀ẹ̀mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ló sì tò ó padà. Àwọn oníbàárà ló sọ ọ́ ní Fara-balẹ̀, torí iṣẹ́ tí mẹkáníìkì mìíràn ń fi wákàtí kan ṣe, òun a fi odidi ọ̀sán ṣe é. Ṣùgbọ́n ní báyìí tó ti lé ní ọgọ́ta ọdún, kì í ṣe ìfarabalẹ̀ mọ́. Ó rẹ̀ ẹ́ ni. Bó bá lóṣòó ti ẹ̀rọ, dídìde á tún di iṣẹ́ mìíràn.

Agbẹ̀bí kan tó ti fẹ̀yìn tì ló ni alùpùpù náà. Ọdún mọ́kàndínlọ́gbọ̀n ló fi gùn ún lọ sílé àwọn aboyún, kó tó fi aṣọ bò ó sẹ́yìn ilé. Epo inú rẹ̀ ti dì bí oje igi. Fara-balẹ̀ fi bẹntiróòlù fọ kabúrétọ̀, ó fi ẹyọ irun búrọ́ọ̀ṣì kan ro inú ihò tín-ín-rín tí epo ń gbà, torí wáyà lè mú kí ihò náà fẹ̀. Síbẹ̀, bó bá ti fẹsẹ̀ ta á, ẹ̀rọ á wúkọ́, á dákẹ́.

"Bàbá, ṣé kò ní í ṣiṣẹ́ ni?" Orí bẹ́ǹṣì ni ìyá agbẹ̀bí náà ti béèrè.

"Kabúrétọ̀ ti mọ́, Màmá. Sàlẹ́ńsà tuntun yìí ni mo fura sí."

Àbúrò ìyá náà ló ra sàlẹ́ńsà ọ̀hún, ọ̀pá tí èéfín ń gbà jáde, wá nígbà tí ti àtijọ́ lu: kúkurú, dídán, ariwo rẹ̀ lè jí òkú. Èéfín ń yára jáde jù, epo tó ń wọlé ò sì tó ẹ̀rọ mọ́.

"Ẹ jẹ́ ká fẹ ihò epo, kó lè bá tuntun yìí mu. Àbí ká jó ibi tó lu lára ti àtijọ́, ká dá a padà."

"Èwo ló rọrùn?"

"Fún ẹ̀yin ni, àbí fún ẹ̀yìn mi?"

Ìyá rẹ́rìn-ín, àmọ́ ẹ̀rín náà ò pẹ́. "Ti àtijọ́ ni kẹ́ ẹ fi sí i. Ẹni tó ń rọbí ò fẹ́ ariwo lẹ́nu ọ̀nà."

Fara-balẹ̀ wo ọ̀pá tí ìyá náà fi ń rìn. "Ta ló fẹ́ gùn ún, Màmá?"

"Ṣé èmi tí ìbàdí mi ò gbà fún mọ́? Ọmọbìnrin tó gba ipò mi ni. Ẹsẹ̀ ló fi ń rìn. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, ọmọ ti wáyé kó tó débẹ̀. Ọpẹ́lọpẹ́ pé ọmọ náà ké."

Fara-balẹ̀ gbé sàlẹ́ńsà àtijọ́ lọ sọ́dọ̀ ẹni tó ń jó irin lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ìdúró ló sì fi dúró dè é, torí bó bá jókòó, ó mọ̀ pé òun ò ní í tètè dìde. Nígbà tó dé, ó dè é mọ́ alùpùpù, ó fẹsẹ̀ ta á. Kò ṣiṣẹ́. Ó tún ta á, ẹ̀rọ wúkọ́. Ẹ̀ẹ̀kẹta ni ẹ̀rọ dáhùn, ó sì ń rọra kùn bí oyin nínú afárá.

Ìyá dìde. Ó gbé àtẹ́lẹwọ́ lé táǹkì, ó fi í síbẹ̀ fún ìgbà díẹ̀.

"Ó tó. Ẹ pa á, Bàbá, kí n má baà yí ọkàn padà."

Ó pa á. Àwọn méjèèjì jókòó sórí bẹ́ǹṣì, títí ọmọbìnrin tó gba ipò ìyá fi yọ lókèèrè, báàgì léjìká, eruku dé orúnkún.