Wọ́n Ní Ẹkún Ló Fọ́ Ojú Ìyá Àgbà

Orí tó ń fọ́ mi ló gbé mi dé ṣọ́ọ̀bù àwọn tó ń yẹ ojú wò. Obìnrin tó yẹ tèmi wò bi mí bóyá ẹnì kan nínú ẹbí wa ti fọ́jú díẹ̀díẹ̀ rí. Mo ní ìyá tó bí màmá mi fọ́jú, ṣùgbọ́n ẹkún ni. Ọmọ wọn kan kú, wọ́n sunkún títí ojú fi lọ. Bí wọ́n ṣe sọ ọ́ fún wa nílé nìyẹn. Obìnrin náà wò mí lójú, ó ní, "Ẹ lọ tún ìyá yín bi."

Àtìgbà náà ni mo ti ń ṣọ́ màmá mi. Ọ̀dọ̀ wa ní Dagenham East, ní Lọ́ńdọ̀nù, ni wọ́n ń gbé, wọ́n ń bá mi mójú tó ọmọ. Tí wọ́n bá ń da tíì, wọ́n á ti ìka bọ inú kọ́ọ̀bù kí wọ́n lè mọ̀ bó ṣe kún tó. Ní ṣọ́ọ̀ṣì, ọmọ mi ló ń ka Sáàmù sí wọn létí, wọ́n ní kí Yorùbá rẹ̀ lè já gaara ni. Gbogbo ìjọ ń yìn wọ́n. Èmi náà ti yìn wọ́n rí.

Lọ́jọ́ Sátidé kan, èmi àti màmá mi ń bọ̀ láti àwọn ṣọ́ọ̀bù Alibon nítòsí ilé, wọ́n fi èjìká òsì gbá òpó iná. Wọ́n ní àwọn òyìnbó ò mọ ibi tó yẹ kí wọ́n ri òpó mọ́.

Nígbà tá a délé, mo ní, "Mọ́mì, kí ló fọ́ ojú ìyá àgbà?"

"Ẹkún. Ṣé o ti di ọlọ́pàá ni?"

"Mọ́mì, èmi náà lójú o. Ọmọ mi náà lójú."

Wọ́n jókòó. "Ẹ̀gbọ́n ìyá mi fọ́jú. Bàbá wọn náà fọ́jú. Ta ló máa fẹ́ wa tá a bá sọ ọ́? Ṣebí ẹbí ọkọ á kọ́kọ́ wádìí. La bá ní ẹkún ni. Bàbá ẹ gan-an ò mọ̀." Wọ́n rẹ ohùn sílẹ̀. "Má jẹ̀ẹ́ kí ìyá ọkọ ẹ gbọ́ o."

Inú bí mi, àánú wọn tún ṣe mí. Mo fi àtẹ́lẹwọ́ bo ojú ọ̀tún wọn.

"Kí lẹ rí?"

"Ìmọ́lẹ̀ wíńdò."

"Èmi ńkọ́?"

Wọ́n na ọwọ́, wọ́n ń wá ibi tí mo wà.

Mo fi fóònù pe ṣọ́ọ̀bù àwọn tó ń yẹ ojú wò náà níwájú wọn, mo gba àyè fún àwa méjèèjì. Mo rò pé wọ́n máa bá mi jà. Wọ́n kàn ní, "Tìẹ ni kí wọ́n kọ́kọ́ wò."