Ilé Bàbá Wa Tí Wọ́n Kùn Lọ́dà Funfun

Aago márùn-ún ìdájí kò tíì lù tí mo ti dúró sẹ́bàá títì ní Òkòkómáíkò, tí ẹrẹ̀ ti wọ bàtà mi. Abẹ́òkúta ni mò ń lọ. Ilé pẹ́tẹ́ẹ̀sì tí bàbá bàbá mi kọ́ láyé òyìnbó ni àwọn òṣìṣẹ́ títì fẹ́ wó kí títì lè fẹ̀, wọ́n sì ti fi ọ̀dà pupa sàmì sí i lára. Ṣùgbọ́n ọ́fíìsì kan wà tó ń tọ́jú àwọn ilé àtijọ́. Oṣù mẹ́rin ni mo fi bẹ̀ wọ́n kí wọ́n tó gbà láti wá wò ó lọ́jọ́ Sátidé náà. Tí wọ́n bá rí i pé ilé àtijọ́ ni lóòótọ́, wọn ò ní jẹ́ kí àwọn òṣìṣẹ́ títì wó o.

Náírà mẹ́ta ni mo san dé Ọ̀ṣọ́dì nígbà náà, mo tún san méjìlá lé e dé Abẹ́òkúta. Dẹ́rẹ́bà ní ká má bínú, òun fẹ́ ra epo. Ó ra epo, ó ra àgbàdo, ó tún dúró ní Sángo kí àbúrò rẹ̀ lè gbé gààrí fún un.

"Ọ̀gá dẹ́rẹ́bà, aago mẹ́wàá ni wọ́n fún mi," ni mo wí.

"Màámi, Abẹ́òkúta ò ní sá lọ," ló dá mi lóhùn, ó ń jẹ àgbàdo rẹ̀ lọ.

Tíṣà ni mí ní Ìbà, mo mọ sùúrù ṣe, ṣùgbọ́n ọkùnrin yìí gbọ́n ọn jáde lára mi tán.

Abẹ́òkúta dùn ún wò, mi ò ní purọ́. Lọ́dọ̀ tiwa ní Òkòkómáíkò, ilẹ̀ tẹ́jú, tójò bá rọ̀, omi á jókòó síwájú ilé bí onílé. Tiwọn, orí àpáta ni, ilé kan ń wo orí páànù èkejì, gbogbo páànù ti dípẹtà. Àwọn ilé tí àwọn Àgùdà kọ́, ìyẹn àwọn tó ti oko ẹrú Bràsíìlì padà wálé, ṣì wà níbẹ̀: òdòdó tí wọ́n fi sìmẹ́ǹtì mọ yí fèrèsé ká, ọdún ìkọ́lé sì wà lókè ẹnu ọ̀nà. Irú ilé wa nìyẹn. Mo ra àkàrà náírà kan, mo ń jẹ ẹ́ gun òkè lọ.

Mo kọjá ilé wa. Mi ò dá a mọ̀.

Ó funfun báláú. Bíríkìlà ti fi sìmẹ́ǹtì rẹ́ ẹ látòkè délẹ̀: òdòdó ti lọ, ọdún ti lọ, wọ́n ti yọ fèrèsé onígi, wọ́n fi onígíláàsì sí i. Bàbá Kékeré, àbúrò bàbá mi tó ń gbé ibẹ̀, dúró lẹ́nu ọ̀nà nínú agbádá, wọ́n ń rẹ́rìn-ín.

"Àbẹ̀kẹ́, káàbọ̀. O ní àlejò ìjọba ń bọ̀ wá wolé wa. Ṣé a wá lè jẹ́ kí wọ́n bá ilé bàbá wa nínú ìdọ̀tí?"

Mo fẹ́ ké. Mo kúnlẹ̀, mo ní, "Ẹ kú iṣẹ́, Bàbá."

Ọkùnrin ọ́fíìsì dé pẹ̀lú fáìlì lábíyá. Ó yí ilé ká lẹ́ẹ̀mejì, ó fọwọ́ kan ògiri. Sìmẹ́ǹtì ti le.

"Màdáàmù, ilé àtijọ́ lẹ pè wá sí. Èyí kọ́."

"Ó wà lábẹ́ rẹ̀, sà. Ẹ jẹ́ ká ha á."

"Tẹ́ ẹ bá ha á, òdòdó náà á bá a já. Ohun tí mo rí ni màá kọ."

Òṣìṣẹ́ títì tó tẹ̀lé e wá fi ọ̀dà pupa sàmì wíwó tuntun sórí funfun náà, wọ́n bá lọ.

Ojú Bàbá Kékeré ò fi bẹ́ẹ̀ ríran mọ́. Wọ́n sún mọ́ mi. "Kí ni wọ́n kọ síbẹ̀? Ṣé ó wù wọ́n?"

Mo sọ gbogbo rẹ̀ fún wọn. Wọ́n gbọ́wọ́ lé ògiri.

"Èmi ni mo pọnmi tí wọ́n fi po sìmẹ́ǹtì òdòdó yẹn, mo kéré gan-an nígbà náà. Ká ní o sọ fún mi pé bó ṣe gbó tó ni wọ́n fẹ́ rí, ṣé mo máa fọwọ́ kàn án?"

Títí mo fi padà dé Sángo, inú ń bí mi sí Bàbá Kékeré, sí bíríkìlà, sí ọkùnrin oní-fáìlì. Kí n tó dé Òkòkómáíkò nírọ̀lẹ́, ó ti ku èmi nìkan tí mo lè bínú sí. Akọ̀wé ọ́fíìsì tí mi ò mọ̀ rí, mo ròyìn ilé náà fún un títí ẹnu fi ro mí. Ẹni tó pọnmi kọ́ ọ, mo kàn ní kí wọ́n máa retí àlejò.