Onígbàjámọ̀ Tí Ó Gbé Àga Rẹ̀ Sẹ́nu Ọ̀nà

Ọpẹ́ ni fún Ẹni tí ó fi èémí sí ihò imú ènìyàn, nítorí ẹ̀mí onígbàjámọ̀ kan tí gbogbo àdúgbò ń pè ní Ọwọ́ Ẹ̀lẹ̀. Ó wà láàyè, ó sì ń gẹrun. Ẹni tí kò mọ ohun tí ó là kọjá lè rò pé ọpẹ́ kékeré nìyẹn.

Òwúrọ̀ ọjọ́ Ìṣẹ́gun kan ni ó bẹ̀rẹ̀. Ó ti fá apá òsì orí awakọ̀ kan tán, ó fẹ́ bọ́ sí apá ọ̀tún, ni àyà rẹ̀ bá bẹ̀rẹ̀ sí í lù kìkì bí ti ẹni tí wọ́n ń lé. Èémí rẹ̀ kúrú. Òógùn bò ó. Kò sí ẹni tí ó dẹ́rù bà á, síbẹ̀ ó dá a lójú pé ikú ti wọ inú ṣọ́ọ̀bù. Ó ju abẹ sílẹ̀, ó bẹ́ síta. Awakọ̀ náà tẹ̀ lé e pẹ̀lú aṣọ ìgẹrun lọ́rùn, ìdajì orí rẹ̀ ń dán.

“Ọ̀gá! Ẹ dúró o! Ṣé báyìí ni mo ṣe fẹ́ lọ bá ìyàwó mi nílé? Á ní ta ni mo fún ní ìdajì yòókù!”

Gbogbo òpópónà bú sẹ́rìn-ín. Ọwọ́ Ẹ̀lẹ̀ jókòó sẹ́bàá gọ́tà, ó di àyà mú, ó ń dúró de ikú. Ikú kò dé. Nígbà tí ó ṣe díẹ̀, gbogbo rẹ̀ rọlẹ̀, ó wá ku ìtìjú nìkan.

Láti ọjọ́ náà ni kò ti ní ìsinmi mọ́. Ó gbé àga àwọn oníbàárà kúrò nídìí ògiri, ó gbé e sẹ́nu ọ̀nà gan-an, kí ó lè tètè sá. Afẹ́fẹ́ wá ń kó irun lọ sọ́dọ̀ aránṣọ tí ó kọjú sí i.

“Ọwọ́ Ẹ̀lẹ̀, aṣọ ni mò ń rán, n kì í rán irun o!”

“Ẹ má bínú, ìyá wa.”

Onígbàjámọ̀ mọ ibi tí iṣan ti ń lù lọ́rùn, nítorí ibẹ̀ ni abẹ rẹ̀ ń ṣọ́ra fún. Ó wá ń fi ìka kan ọrùn ara rẹ̀ lójoojúmọ́, láti mọ̀ bóyá ọkàn ṣì ń ṣiṣẹ́. Nígbà tí ó yá, ó ń fọwọ́ kan ọrùn oníbàárà pẹ̀lú, kí ó lè mọ èyí tí ó yá jù. Tíṣà àgbà kan tí ó ti fẹ̀yìn tì yíjú wò ó.

“Ọmọ mi, ṣé o fẹ́ gẹrun ni, àbí o ń wọn ọrùn mi fún ẹ̀wù?”

Lẹ́yìn èyí, ó pa abẹ tì. Ẹ̀rọ nìkan ni ó ń lò. Ẹni tí ó bá fẹ́ fá irùngbọ̀n gba ibòmíràn lọ. Ogún ọdún ni ó ti ń fi abẹ ṣiṣẹ́, bí ọwọ́ náà bá sì kọ̀, kò mọ ohun tí òun yóò tún jẹ́ láyé. Ó sọ fún ìyàwó rẹ̀ pé òun fẹ́ ti ṣọ́ọ̀bù pa.

“Arákùnrin kan nínú ìjọ ní ìgbàgbọ́ mi ló kéré,” ni ó wí.

“Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi ìyẹn sílẹ̀. Wòlíì tó rẹ̀, tó sùn sábẹ́ igi, ṣebí oúnjẹ ni áńgẹ́lì kọ́kọ́ gbé fún un? Kò bá a wí. Ẹ dìde, ká lọ sọ́sibítù.”

Dókítà yẹ ọkàn rẹ̀ wò fínnífínní, kò rí àbùkù kankan. Ó ní àìsàn ìpayà òjijì ni, pé ó ní ìtọ́jú. Ó kọ oògùn àràárọ̀ fún un, ó sì fi í lé nọ́ọ̀sì àgbà kan lọ́wọ́, kí wọ́n máa jọ sọ̀rọ̀ lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀.

“Níbo ni àga yín wà?” ni nọ́ọ̀sì bi í.

“Ẹnu ọ̀nà, mà. Kí n lè tètè sá ni.”

“Àṣìṣe yín gan-an nìyẹn. Ìgbàkígbà tí ẹ bá ti sá, ẹ ń kọ́ ara yín pé ewu wà nínú ilé. Ẹ máa gbé e wọlé díẹ̀díẹ̀. Tí ìpayà bá dé, ẹ má sá, ẹ má sì bá a jà. Ẹ rọra máa mí síta. Yóò ga, yóò sì lọ sílẹ̀.”

Ìyàwó rẹ̀ fi ṣọ́ọ̀kì fa ìlà mẹ́fà sílẹ̀ẹ́lẹ̀, láti ẹnu ọ̀nà dé ìdí ògiri. Ìlà kẹta le jù. Ẹ̀ẹ̀mejì ni ó sá jáde níbẹ̀, tí wọ́n dá àga padà sí ìkejì. Ó sunkún lọ́jọ́ náà. Àdúrà rẹ̀ kò gùn mọ́, bí ó bá ti ń mí síta ni ó ń sọ ọ́: “O wà níbí, Baba.” Ọ̀sẹ̀ mélòó kan kọjá kí àga tó dé ìdí ògiri.

Tíṣà àgbà ni ó kọ́kọ́ jókòó sórí rẹ̀ níbẹ̀.

“Abẹ ni mo fẹ́ o, kì í ṣe ẹ̀rọ tó ń kùn bí oyin yẹn.”

Ọwọ́ Ẹ̀lẹ̀ pa ọṣẹ sí i lágbọ̀n, ó mú abẹ. Bí ó ti dé ọ̀fun ni àyà rẹ̀ já. Ẹsẹ̀ rẹ̀ ti fẹ́ gbéra. Ó rọra gbé abẹ sórí tábìlì, ó di ẹ̀yìn àga mú.

“Bàbá, ẹ dákun, ẹ fún mi ní ìṣẹ́jú díẹ̀. Ìpayà kan ló máa ń mú mi. Ó ti dé.”

“Ó dé? Sọ fún un kó jókòó, bẹ́ǹṣì wà níbẹ̀ yẹn. Ó máa dúró kó kàn án. Èmi ò lọ síbì kankan, ìwọ náà má lọ.”

Ó fẹ́ rẹ́rìn-ín, èémí kò jẹ́. Ó ń mí síta, ó ń wo ilẹ̀kùn, ó tún ń mí síta. Ọṣẹ gbẹ mọ́ àgbọ̀n bàbá. Ìpayà náà ga débi pé ojú rẹ̀ ṣú. Síbẹ̀, Ọwọ́ Ẹ̀lẹ̀ kò kúrò lójú kan. Nígbà tí yóò fi lọ sílẹ̀, tíṣà ti ń hanrun.

Ó dúró títí ọkàn rẹ̀ fi balẹ̀. Ó pa ọṣẹ tuntun, ó mú abẹ, ó fá ọ̀fun náà láìsí ojú ọgbẹ́ kan. Lẹ́yìn náà ni ó jí bàbá.

Lọ́jọ́ kejì, ìpayà tún dé. Ó tún dé ní ọ̀sẹ̀ tí ó tẹ̀ lé e. Ọwọ́ Ẹ̀lẹ̀ kò tí ì sinmi tán, ṣùgbọ́n ó wà nídìí iṣẹ́ rẹ̀.

Kí Ẹni tí ìjì ń gbọ́ ohùn rẹ̀ máa bá a dúró. Kí oorun ìyàwó rẹ̀ dùn. Kí àwọn ọmọ wọn dàgbà láìmọ ìbẹ̀rù tí ń lé ènìyàn síta, kí àlàáfíà sì sùn nínú ilé náà, kí ó jí níbẹ̀. Àmín.