Ọmọ Tí Kì Í Sáré

Ìyá Jẹ́jẹ́ ni gbogbo wa ní ilé alájà mẹ́ta yẹn ń pe télọ̀ tó ń gbé ìsàlẹ̀, nítorí ọmọbìnrin rẹ̀ kan ṣoṣo tí a sọ ní Jẹ́jẹ́. Ọmọ náà kì í sáré, kì í pariwo, kì í jà. Ibi tí wọ́n bá gbé e jókòó sí lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀rọ ìránṣọ ìyá rẹ̀ ni wọn yóò ti bá a, pẹ̀lú súwẹ́tà tí kò lápá lọ́rùn, nígbà tí àwa yòókù ń làágùn. Kò tilẹ̀ kánjú láti ga. Ìyá rẹ̀ àgbà a máa yan kiri, a ní, "Ilé la ti ń kó ẹ̀ṣọ́ ròde." Àwa tí ọmọ tiwa ń fọ́ gíláàsì a máa gbá àfọ́kù jọ.

Àmọ́ àmì dúdú dúdú kì í wọ́n lára ọmọ náà, imú rẹ̀ a sì máa ṣẹ̀jẹ̀ láìnídìí. Ọmọ tí kì í sáré, níbo ló ti ń fara gbá? Tíṣà rẹ̀ ránṣẹ́ pe ìyá.

"Ìyá Jẹ́jẹ́, ẹ má bínú o. Ta ló ń na ọmọ yìí nílé?"

"Kò sẹ́ni tó ń nà án, mà."

"Kò burú. Tí mo bá tún rí òmíràn lára ẹ̀, màá fi tó ìjọba létí. Wọ́n á gbà á lọ́wọ́ yín."

Láti ọjọ́ yẹn ni ìyá ti ń fi aṣọ ọlọ́wọ́ gígùn bo ọmọ náà. Mo sọ fún un pé bí ọ̀daràn ṣe ń ṣe gan-an nìyẹn.

Eyín ló tú u fó. Ọ̀kan jẹrà, wọ́n gbé ọmọ lọ sọ́dọ̀ dókítà eyín. Dókítà ká apá aṣọ sókè, ó rí àwọn àmì dúdú náà, ó gbé ẹ̀mú sílẹ̀.

"Mi ò ní yọ ọ́ lónìí. Ẹ̀jẹ̀ ẹ̀ lè má dá."

Ìyá Jẹ́jẹ́ bú sẹ́kún pé òun ò nà án rí.

"Ta ló ní ẹ nà án?"

Wọ́n yẹ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wò. Ẹran kékeré kan tó wà níwájú ọ̀fun, tí wọ́n ń pè ní táírọ́ìdì, ni kò ṣiṣẹ́ tó bó ṣe yẹ. Òun ló yẹ kó máa ta ara jí. Ìyẹn ni òtútù fi ń mú ọmọ, tí kò fi dàgbà dáadáa, tí ohun tó ń mú ẹ̀jẹ̀ dì náà sì fi dín kù. Ẹ̀kọ́ ilé tí ìyá àgbà ń fọ́nnu lé lórí, àìsàn ni.

Wọ́n fún un ní oògùn wẹ́wẹ́ kan, kó máa lò ó láràárọ̀ kó tó jẹun. Díẹ̀díẹ̀ ni àmì dúdú ń pòórá. Tíṣà tọrọ àforíjì. Jẹ́jẹ́ wá bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀, kò sì sinmi mọ́. Ó ń gun fèrèsé. Ó ń já ọ̀rọ̀ gbà lẹ́nu ìyá àgbà. Ni ìyá àgbà bá lọ bá dókítà tó kọ oògùn náà.

"Ẹ jọ̀ọ́, ṣé ẹ ò lè dín oògùn yẹn kù díẹ̀, kí ìwà ẹ̀ lè padà díẹ̀?"

"Rárá o, màmá."

Nígbà tí àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ dára, wọ́n padà lọ yọ eyín. Mo bá wọn lọ. Ìyá Jẹ́jẹ́ di ọwọ́ mi mú débi pé ó dùn mí. Kò tíì gbà pé ẹ̀jẹ̀ yẹn máa dá. Ọmọ náà ké tó bẹ́ẹ̀ tí àwọn mìíràn tó wá yọ eyín fi gbà pé eyín àwọn ò dun àwọn mọ́. Dókítà eyín fa eyín náà yọ, ọmọ sì gé e níka jẹ. Wọ́n ní kó fi eyín tẹ òwú mọ́ ojú ibẹ̀. A dúró. Nígbà tí wọ́n yọ òwú, ẹ̀jẹ̀ ti dá. Ìyá Jẹ́jẹ́ ń sunkún, ó ń rẹ́rìn-ín, ó ń bẹ dókítà, tí ìka tirẹ̀ ṣì ń ṣẹ̀jẹ̀.