Bí A Ṣe Lọ Wo Odò Méjì ní Lọ́kọ́ja

Ẹni tó bá fẹ́ mọ bí ènìyàn ṣe ń fi ojú tí Ọlọ́run fún un ṣòfò, kó tẹ̀lé àwọn tó ń rìnrìn àjò ìgbafẹ́. Mo ti bá wọn lọ lẹ́ẹ̀kan. Wọn á jí ní ìdájí, wọn á jókòó sínú mọ́tò títí ìdí á fi kú, wọn á dé ìdí òkúta kan tó ti wà níbẹ̀ kí wọ́n tó bí baba ńlá wọn, wọn á sì kẹ̀yìn sí i. Bẹ́ẹ̀ ni, wọn á kẹ̀yìn sí i. Wọn á gbé fóònù sókè, wọn á yọ eyín, wọn á ya ara wọn ní fọ́tò. Òkúta ọ̀hún á wà lẹ́yìn etí wọn, kò ní tóbi ju gèlè lọ. Lẹ́yìn náà wọn á béèrè ibi tí wọ́n ti ń ta ẹran ìgbẹ́.

Èmi tí mò ń sọ̀rọ̀ yìí, tíṣà ni mí kí n tó fẹ̀yìn tì. Ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kan ní Ìlọ́ra ni mo ti lo èyí tó pọ̀ jù nínú ọdún iṣẹ́ mi. Láti Fìdítì ni mo ti ń gun ọ̀kadà lọ láràárọ̀. Lára ohun tí mò ń kọ́ àwọn ọmọ ni àwọn ibi àfẹ́wò ilẹ̀ Nàìjíríà: Òkúta Olúmọ ní Abẹ́òkúta, Òkè Ìdànrè, omi gbígbóná Ìkògòsì, Òkúta Zúmà lọ́nà Àbújá, igbó ẹranko Yánkàrí, òkè Òbúdù tí òtútù ti ń mú ènìyàn. Mo mọ gbogbo wọn sórí. Mo máa ń pè wọ́n ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, àwọn ọmọ á máa gbè é, a ó sì pàtẹ́wọ́ fún ara wa. Kò sí ọ̀kan ṣoṣo tí mo dé rí nínú wọn. Abẹ́òkúta tí kò jìnnà sí wa yìí, ìsìnkú ni mo bá dé ibẹ̀, mo jẹun, mo wọ mọ́tò padà, mi ò tiẹ̀ béèrè ọ̀nà ibi tí òkúta náà wà.

Ara ògiri ilé ẹ̀kọ́ náà ni wọ́n ya àwọn ibi wọ̀nyí sí. Ọkùnrin kan ní Ìlọ́ra tó ń kọ orúkọ sára ọkọ̀ àti ṣọ́ọ̀bù ló yà wọ́n. Òun náà kò dé ibì kankan. Olúmọ tirẹ̀ dà bíi búrẹ́dì tó wú jù, erin Yánkàrí rẹ̀ sì ní ẹsẹ̀ ajá. Ṣùgbọ́n ó fọkàn sí ti Lọ́kọ́ja. Ó fi ọ̀dà aláwọ̀ amọ̀ ya Odò Ọya, ó fi ọ̀dà búlúù ya Odò Bẹ́núè, ó fa ìlà kan sáàárín àwọn méjèèjì tó gún bí ẹni fi rúlà fà á. Ó kọ ọ́ sábẹ́ rẹ̀ pé àwọn odò yìí pàdé, ṣùgbọ́n wọn kò pò mọ́ ara wọn.

Nígbà tí mo kọ́kọ́ dé ilé ẹ̀kọ́ náà, màámi ló ń gbá a. Bí òjò bá ti rọ̀ tán, wọ́n á mú àkísà, wọ́n á nu ẹrẹ̀ tó ta sára àwòrán ara ògiri. Màámi ò mọ̀wé kà, èmi ni mo ka ohun tí wọ́n kọ síbẹ̀ fún wọn. Wọ́n dúró tàwọn ti ìgbálẹ̀ lọ́wọ́.

“Tíṣà, ṣé lóòótọ́ ni pé wọn kì í pò?”

Tíṣà ni wọ́n máa ń pè mí tá a bá wà lẹ́nu iṣẹ́, nígbà tó sì yá, wọ́n ń pè mí bẹ́ẹ̀ nílé pàápàá. Mo ní bẹ́ẹ̀ ni, wọn kì í pò.

“O ti rí i ni?”

“Ó wà nínú ìwé, màámi.”

Wọ́n wò mí, wọ́n wo ògiri. “Omi tí kì í pò mọ́ omi,” wọ́n ní. “Màá fojú ara mi rí ìyẹn lọ́jọ́ kan.”

Ọ̀rọ̀ yìí ti pẹ́. Màámi ti darúgbó báyìí, ojú wọn sì ń lọ. Dókítà ojú tí mo gbé wọn lọ bá ní Ìbàdàn kò fi epo bọyọ̀ fún wa. Ó ní èyí tó ti lọ nínú ìríran wọn kò ní padà mọ́, ẹ̀kán oògùn tí òun fẹ́ fún wọn yóò kàn jẹ́ kí èyí tó kù pẹ́ díẹ̀ sí i ni. Ojú òsì ti lọ tán. Ti ọ̀tún ṣì ń rí nǹkan tí ohun náà bá tóbi, tí oòrùn bá sì wà. Ó kọ́ mi bí mo ṣe máa kán an láàárọ̀ àti ní ìrọ̀lẹ́: kí wọ́n gbójú sókè, kí n kán an, kí n ní kí wọ́n dijú fún ìgbà díẹ̀ kí oògùn lè wọlé. A ń padà bọ̀ nínú mọ́tò, a ti kọjá Mónìyà, màámi bá yíjú sí mi.

“Ẹgbẹ́ wa ní ṣọ́ọ̀ṣì ń lọ sí Lọ́kọ́ja,” wọ́n ní. “Mo fẹ́ lọ wo omi yẹn kí ilẹ̀ tó ṣú mọ́ mi.”

Kí ni mo fẹ́ sọ? Mo ní màá mú wọn lọ. Ọ̀rọ̀ náà sì kọ mí lóminú, nítorí mo mọ ẹgbẹ́ ọ̀hún. Ẹgbẹ́ àwọn àgbà ni, alága wọn sì jẹ́ ọ̀gbẹ́ni kan tó ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ ìjọba, tí kò lè bó ọsàn jẹ láì kọ́kọ́ gbàdúrà gígùn lé e lórí. Wọ́n ti kọ ọ́ sára bébà pé a ó wo Ìkògòsì lọ́jọ́ kìíní, a ó wo Lọ́kọ́ja lọ́jọ́ kejì, a ó padà. Mo ka bébà náà, mo rẹ́rìn-ín. Mo mọ̀ pé kò ní rí bẹ́ẹ̀.

Ní Ìkògòsì, omi gbígbóná ń sun níhìn-ín, omi tútù ń sun lọ́hùn-ún, àwọn méjèèjì wá pàdé. Ẹni tó bá ní làákàyè á dúró, á wò ó. Àwọn èèyàn mi fò bọ́ sílẹ̀ nínú mọ́tò tàwọn ti kẹ́ẹ̀gì lọ́wọ́! Gbogbo wọn ló gbé kẹ́ẹ̀gì wá láti ilé, èmi nìkan ni mi ò mọ̀. Àwọn Aládùúrà méjì tí wọ́n bá wa lọ tiẹ̀ gbé mẹ́ta mẹ́ta. Wọ́n ń du omi gbígbóná bí ìgbà tí ẹ̀rọ omi bá yọ ní àdúgbò. Kí a tó dé ibi tá a máa sùn ní Adó, omi gbígbóná inú kẹ́ẹ̀gì ti di omi tútù, kò sì yàtọ̀ sí omi kànga Fìdítì. Mo sọ bẹ́ẹ̀ fún wọn. Wọ́n ní mi ò nígbàgbọ́.

Màámi nìkan ló bọ́ bàtà. Mo di apá wọn mú, wọ́n ki ẹsẹ̀ kan bọ gbígbóná, wọ́n ki èkejì bọ tútù, wọ́n sì rẹ́rìn-ín bí ọmọdé. “Àwọn wọ̀nyí ń pò o,” wọ́n ní. “Ó di Lọ́kọ́ja.”

À bá tètè dé Lọ́kọ́ja lọ́jọ́ kejì, ṣùgbọ́n iṣu ò jẹ́. Lọ́dọ̀ wa, ẹni tó bá tàjò bọ̀ kò gbọ́dọ̀ wọlé lọ́wọ́ òfìfo, àwọn ará ilé á ti máa wo ọwọ́ rẹ̀ kí wọ́n tó wo ojú rẹ̀. Mo mọ̀ ọ́n, mi ò bá àṣà jà. Ṣùgbọ́n iṣu! Àwa ará Afijió, tí iṣu àti ẹ̀gẹ́ yí ilé wa ká! Obìnrin ará Akínmọ̀ọ́rìn kan wà nínú wa tí iṣu kún abà ọkọ rẹ̀, òun ló kọ́kọ́ pariwo pé kí awakọ̀ dúró. Wọ́n dúró lẹ́ẹ̀kíní, wọ́n dúró lẹ́ẹ̀kejì, wọ́n dúró lẹ́ẹ̀kẹta nítorí ti ẹ̀ẹ̀kejì dára ju ti ẹ̀ẹ̀kíní lọ. Wọ́n ń ná iṣu bí ẹni tí kò rí iṣu rí. Mo jókòó sínú mọ́tò, mò ń wo aago. Inú ń bí mi.

“Tíṣà, oòrùn ńkọ́?” màámi ń bi mí.

“Ó ṣì wà lókè, màámi.”

Nígbà tó yá wọ́n tún bi mí, ó ti kúrò lókè.

Oòrùn ti ń lọ sápá ìwọ̀ nígbà tá a dé etí odò. Ibì kan tó ga díẹ̀ ni wọ́n mú wa lọ, odò sì tẹ́ sílẹ̀ níwájú wa lọ títí. Ọlọ́kọ̀ ojú omi kan na ọwọ́ síbi tí àwọn méjèèjì ti pàdé. Kí ó tó sọ ọ́ tán, àwọn èèyàn mi ti kẹ̀yìn sí Ọya, wọ́n ti kẹ̀yìn sí Bẹ́núè, fóònù ti wà lókè. Mo fa màámi gba àárín wọn kọjá, mo mú wọn dé iwájú pátápátá. Mo bojú wo apá ìlà oòrùn, mo rí i pé òjò ti ṣú, ó sì ń bọ̀ kíákíá. Mo yíjú padà láti sọ fún àwọn tó ń ya fọ́tò pé kí wọ́n kúrò lójú ìmọ́lẹ̀.

Ìgbà náà ni alága gbé ohùn sókè. “Ẹ̀yin ará, ẹ jẹ́ ká dijú, ká dúpẹ́ lọ́wọ́ Ẹni tó dá a.”

Mo fẹ́ bú sẹ́rìn-ín. Ọjọ́ méjì la fi rìn láti wá ríran, a dé ibẹ̀, wọ́n ní ká dijú! Gbogbo wọn sì dijú. Alága dúpẹ́ nítorí omi, ó dúpẹ́ nítorí ọ̀nà, ó gbàdúrà fún awakọ̀, ó gbàdúrà fún táyà, ó bọ́ sórí ọ̀rọ̀ ìjọba, mo sì mọ̀ pé a ò ní tètè kúrò níbẹ̀. Mo la ojú kan láti wo aago mi.

Mo rí màámi. Wọ́n gbé ọwọ́ òsì síwájú orí, ojú wọn là sílẹ̀ gbagada, ẹnu wọn là díẹ̀. Ìka ọwọ́ ọ̀tún wọn wà nínú afẹ́fẹ́, ó ń lọ díẹ̀díẹ̀ láti ọ̀tún sí òsì bí ẹni tó ń tọ ipa nǹkan.

Ohun tí mo ṣe nìyí. Fún gbogbo ọdún tí mo fi ṣe tíṣà, èmi ni mo máa ń rìn láàárín àwọn ọmọ nígbà àdúrà àárọ̀, tí mo ń wá ẹni tó lajú. Ara mi ti mọ iṣẹ́ náà ju orí mi lọ. Mo fi ìka kan màámi léjìká.

“Màámi, ẹ dijú.”

Wọ́n yíjú sí mi. Wọ́n sọ ọwọ́ sílẹ̀, wọ́n sì dijú.

Nígbà tí a fi máa ṣe àmín, òjò ti bo òdìkejì odò. Ó dé bá wa lójijì, gbogbo omi di àwọ̀ kan, àwọ̀ eérú. Wọ́n sáré wọ mọ́tò, wọ́n ń pariwo nítorí fóònù àti iṣu wọn. Mo bẹ awakọ̀ pé kó jẹ́ ká dúró kí òjò dá. Ó ní Kábbà la máa sùn, òun ò sì ní wa ọ̀nà yẹn nínú òkùnkùn. Màámi ti jókòó.

Nígbà tá a délé ní Fìdítì, àwọn ará ilé wá kí wa kú àbọ̀. Ìyàwó àbúrò mi jókòó ti màámi, ó fi búrẹ́dì tá a mú bọ̀ sí itan.

“Ṣé lóòótọ́ ni wọn kì í pò, Màmá?”

Èmi ni mo la ẹnu láti dáhùn, bí mo ṣe máa ń dáhùn. Mo wá rántí ohun tí mo wò létí odò. Mo wo aago, mo wo òjò, mo wo ẹ̀yìn orí gbogbo àwọn tí mò ń fi ṣe yẹ̀yẹ́. Mi ò wo omi.

“Mo ti ń rí i bọ̀,” màámi dá a lóhùn. “Ìlà náà wà lóòótọ́, ṣùgbọ́n kò gún bíi ti ara ògiri. Mo ń bá a lọ kí n lè mọ ibi tó parí sí, Tíṣà wá ní kí n dijú.”

Wọn ò fi ìbínú sọ ọ́. Wọ́n bù nínú búrẹ́dì, wọ́n ní ó dùn. Nígbà tí àwọn èèyàn lọ tán, wọ́n jókòó síwájú mi, wọ́n gbójú sókè fún oògùn ìrọ̀lẹ́. Mo kán an sí i. Ojú wọn là sílẹ̀, oògùn ń ṣàn bọ̀ ní ẹ̀rẹ̀kẹ́ wọn, wọ́n ń dúró kí n ní kí wọ́n dijú, bí mo ṣe máa ń sọ. Mi ò lè sọ ọ́.