Mo Gbé Ṣọ́ọ̀kì Tuntun Lọ sí Emùré

Kí oòrùn tó yọ ní ọjọ́ Sátidé ni mo ti kúrò ní Ìkéré. Mo fi rọ́bà so ṣọ́ọ̀kì tuntun méjì mọ́ ẹ̀yìn máṣìnì mi, alùpùpù tí mo ń gùn. Irin onísípíríǹgì tó ń gba ìwúwo lẹ́yìn máṣìnì ni ṣọ́ọ̀kì. Tèmi ti kú. Bí mo bá kó sí kòtò lójú ọ̀nà ilé ìwé tí mo ti ń kọ́ni, ọ̀pá ẹ̀yìn mi ni í jìyà rẹ̀. Ẹgbẹ̀rún méjìdínlógún náírà ni mo ra méjèèjì.

Mẹkáníìkì àdúgbò wa ní kí n fi máṣìnì sílẹ̀ fún ọjọ́ méjì. N kò gbà, torí ìgbà tí mo fi sílẹ̀ kẹ́yìn, bátìrì ògbólógbòó ló bá mi délé. Ẹ̀gbọ́n mi ní Emùré, Bùrọ̀dá Káyọ̀dé, ọmọ bàbá mi, gbọ́, ó sì pè mí: "Má wulẹ̀ fún ẹnikẹ́ni lówó. Gbé e wá sílé mi, sípánà méjì ti tó."

Ìyẹn gan-an ló bà mí lẹ́rù. Láti ìgbà tí a ti sìnkú bàbá wa, tí ọ̀rọ̀ oko kòkó ti dá wa sí méjì, n kò dé ilé rẹ̀ mọ́. Ó pé ọdún mẹ́rin. Kí ló dé tí àánú mi wá ń ṣe é?

Títì dára níbì kan, ó ti bàjẹ́ níbòmíràn. Mo ń ta bíi gúgúrú nínú agbada. Ní Ìsẹ̀, mo dúró jẹ àkàrà àti ẹ̀kọ. Ọlọ́kadà kan na ọwọ́ sí ẹrù mi: "Ẹ jọ̀ọ́ mà, ṣé ojúlówó ni ṣọ́ọ̀kì yìí?" Mo tú u, mo gbé e lé itan, mo sì ń fi ọwọ́ kan jẹun.

Bùrọ̀dá ti ń dúró níta nígbà tí mo dé. "Káàbọ̀. Ṣé ká gún uṣu?" Bí a ti ń pe iṣu lọ́dọ̀ wa nìyẹn. Mo ní mo ti yó. Bí mo ti wọlé, lórí tábìlì rẹ̀ ni mo ti rí àpò ìwé kan tí orúkọ bàbá wa wà lára rẹ̀. Ìdí tó fi pè mí rè é!

Ó na sípánà sí mi. "Ìwọ ni kí o tú u." Mo rò ó pé kí n má baà sọ pé òun ló bà á jẹ́ ni.

A gbé máṣìnì dúró lórí irin ẹlẹ́sẹ̀ méjì tó wà lábẹ́ rẹ̀, a fi pákó ti táyà ẹ̀yìn nísàlẹ̀. "Ẹ̀gbẹ́ kan ni kí o kọ́kọ́ tú," ó ní. "Bí o bá tú méjèèjì pọ̀, táyà á wálẹ̀, wàá wá máa wá ihò bóòtù kiri." Nọ́ọ̀tì ìsàlẹ̀ ti dípẹtà. A da kẹrosíìnì sí i, a ní sùúrù, Bùrọ̀dá fi òòlù kàn án jẹ́jẹ́, mo fi ẹsẹ̀ ti sípánà, ó sì yí. Mo fi gíríìsì pa bóòtù, mo ki tuntun bọ̀ ọ́, kí n tó bọ́ sí ẹ̀gbẹ́ kejì. Ìgbà tí a sọ ọ́ kalẹ̀ ni mo tó fún gbogbo nọ́ọ̀tì le. Mo jókòó lé e. Ó rọ̀ mí sílẹ̀, ó sì gbé mi padà.

Ni Bùrọ̀dá bá gbé àpò ìwé náà jáde.

"N kò ní fọwọ́ sí nǹkan kan o," mo ti sọ kó tó lanu.

"Ta ló ní kí o fọwọ́ sí i? Ìwé oko kòkó ni. Èmi ti fọwọ́ sí i pé apá ìsàlẹ̀ odò jẹ́ tìrẹ."

"Kí ló dé tí ẹ kò sọ ọ́ lórí fóònù?"

"Ṣé wàá gbà mí gbọ́?"

Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo ka ìwé náà lójú rẹ̀. Ó dúró, kò bínú. Ìyẹn ló dùn mí jù. A gún iyán, a jẹ ẹ́ nínú àwo kan.

Mo dé Ìkéré ní ìrọ̀lẹ́. Ọkọ mi bi mí pé ta ló ṣe máṣìnì. Mo ní èmi fúnra mi ni, ẹ̀gbọ́n mi ló dúró tì mí. Mo wá jókòó, mo sọ ìyókù fún un: pé ọdún mẹ́rin gbáko ni mo fi ń sá fún ẹni tí kò lé mi.